Ọwọ́ wọn ni kí fóònù wà, kì í ṣe ọwọ́ yín

Ẹ ní ẹ ti kọ́ màmá yín lẹ́ẹ̀mẹrin bí wọ́n ṣe máa fi fídíò pè yín, pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í tíì mọ́ tí wọ́n á ti gbàgbé, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ kúkú gba fóònù ńlá náà lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ ra oníbọ́tìnì fún wọn. Ẹ ṣì dúró ná. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ kọ́ wọn yẹn, ọwọ́ ta ni fóònù wà?

Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni, ẹ ò tíì kọ́ wọn rárá, ẹ kàn ṣe é lójú wọn ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ohun tí mo ṣe fún bàbá mi fún ọdún kan gbáko nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ra fóònù fún wọn, mo sì fi ara mi joyè olùkọ́. Bí wọ́n bá ti ní "báwo ni mo ṣe máa...", mo ti já a gbà nìyẹn, ìka mi á ta látibí dé ọ̀hún, màá ní "ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Wọ́n á ní àwọn ti rí i. Irọ́ ni. Ìka tó ń sáré ni wọ́n rí, wọn ò rí ọ̀nà tó gbà. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún fi sùúrù kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, òun ni èmi ọmọ rẹ̀ ń jágbe mọ́ nítorí bọ́tìnì.

Ohun tó là mí lójú ò dùn ún sọ. Ẹnì kan pè wọ́n, ó ní òun ń to orúkọ àwọn tó máa wà nípàdé ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á fún òun. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tìṣọ́ratìṣọ́ra. Nọ́ńbà yẹn ni WhatsApp máa ń fi ránṣẹ́ síni tí ẹnì kan bá tẹ nọ́ńbà fóònù ẹni sórí fóònù mìíràn, ẹni tó bá sì ti ní in lọ́wọ́ ló ni àkáǹtì. Kí wọ́n tó bọ́ awò ojú, gbájú-ẹ̀ ti wọlé, ó ti ń fi orúkọ wọn tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Nígbà tó yá a tún nọ́ńbà wọn tẹ̀ sórí fóònù tiwọn, a fi nọ́ńbà mẹ́fà tuntun lé e jáde, àmọ́ ó ti fi PIN tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọjọ́ méje la fi dúró kí WhatsApp tó jẹ́ ká wọlé láìsí PIN ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 2017 ni ààyè ti wà fún oníkálukú láti fi irú PIN yẹn sórí WhatsApp tirẹ̀. Èmi ni mò ń sọ fún wọn pé a máa ṣe é lọ́la.

Kì í ṣe jìbìtì yẹn ló dùn mí jù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì kí wọ́n tó sọ fún mi, ọ̀rẹ́ wọn méjì sì ti fi owó ránṣẹ́ kó tó di pé a mọ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè mí. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé o máa pariwo ni." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé ọwọ́ mi. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré o, abẹ́ itan ni mò ń kì í bọ̀, torí bó bá wà níta, yóò já fóònù gbà. Bí ọwọ́ ṣe wá wà nídè ni ojú ráyè ríran, mo sì rí i pé ìdajì ohun tí mò ń pè ní ìgbàgbé, ẹjọ́ fóònù ni.

Ẹ wo ìka màmá yín dáadáa. Kì í ṣe agbára tí a fi tẹ ojú rẹ̀ ni fóònù fi ń mọ̀ pé ìka dé, iná mànàmáná díẹ̀ tó ń gba ara wa kọjá ló fi ń mọ̀. Awọ àgbà sì máa ń gbẹ. Ìka tó gbẹ lè kan fóònù kó má mọ̀ pé ẹnì kankan wà níbẹ̀. Wọ́n á tún un tẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ le, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹ́, fóònù á wá rò pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ dì í mọ́lẹ̀: àwọn àwòrán orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láyè wọn, nǹkan tí wọn ò pè á yọjú. Bàbá mi ti pa áàpù rẹ́ báyìí rí, wọ́n wá ń bú ara wọn. Ìpara díẹ̀ ní ọwọ́ ràn wá lọ́wọ́. Èyí tó ràn wá lọ́wọ́ jù wà nínú Settings lórí Android, lábẹ́ Accessibility, níbi tí wọ́n kọ touch and hold delay sí. Ẹ fi í sí èyí tó gùn jù, kí fóònù lè máa fara balẹ̀ kó tó gbà pé wọ́n di nǹkan mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, àmọ́ ẹ má gbé e dé góńgó, torí nínú àwọn áàpù kan, lẹ́tà tó tóbi jù máa ń ti bọ́tìnì jáde kúrò lójú fóònù. Ìró tó nípọn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìró ìpè, kì í ṣe èyí tó ń ké ṣíoṣío, torí ohùn tínrín ló máa ń kọ́kọ́ kúrò ní etí àgbà. Tó bá sì jẹ́ Android ni, tó jẹ́ pé fífi ìka wọ́ ojú fóònù ni wọ́n fi ń padà sẹ́yìn, bí ó ti di àṣà láti ìgbà Android 10 ní ọdún 2019, ẹ wá navigation nínú Settings kẹ́ ẹ dá bọ́tìnì mẹ́ta ìsàlẹ̀ padà. Ohun tí ojú rí rọrùn ju ohun tí a ní kí wọ́n máa rántí lọ. Lórí iPhone, Assistive Access wà láti ọdún 2023, ó ń sọ gbogbo ojú fóònù di àwòrán ńláńlá díẹ̀. Ó dára fún ẹni tí iyè rẹ̀ ń ṣá lóòótọ́. Fún ẹni tí orí rẹ̀ pé, ó dà bíi kéèyàn máa fi ṣíbí fún àgbà lóúnjẹ, èmi ò ní gbé e fún bàbá mi láéláé.

Ní ti ìpè fídíò, ìparí lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Tí fóònù Android bá wà ní títì tí WhatsApp dún, wíwọ́ ni wọ́n máa ń ní ká wọ́ bọ́tìnì sókè kó tó gbé e, àgbà á sì máa tẹ̀ ẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́, yóò máa dún títí yóò fi dákẹ́. Ẹ wọ yàrá kejì kẹ́ ẹ máa pè wọ́n. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín ni a fi parí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ wọn ní ọ̀nà àbọ̀ ṣáájú ọ̀nà àlọ. Mo máa ń ní kí bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ sọnù nínú fóònù, kí wọ́n tẹ ohunkóhun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n wá wá ojú ilé, ìyẹn ojú àkọ́kọ́ fóònù, padà. Ọjọ́ tí wọ́n rí i pé kò sí ibi tí àwọn wọ̀ tí bọ́tìnì àárín ò lè mú àwọn jáde ni ọwọ́ wọn dẹ́kun gbígbọ̀n. Mo tún ti kọ́ wọn ní áàpù báǹkì ṣáájú ohun gbogbo, torí ìyẹn ni èmi kà sí pàtàkì, wọn ò kọbi ara sí i. Àwòrán ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ fi ìka méjì là kó tóbi. Ìyẹn ò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo tẹ ìwé àlàyé olójú ewé mẹ́rin fún wọn, pẹ̀lú àwòrán. Wọn ò ṣí i rí. Èyí tí wọ́n ń lò ni ìwé kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ, pẹ̀lú pẹ́ńsù, kó lè ṣeé pa rẹ́, torí tí fóònù bá ti gba update, nǹkan lè ṣípò. Wọn ò kọ WhatsApp sí i, "tẹlifóònù funfun nínú ewé" ni wọ́n kọ, ó sì yé wọn ju tèmi lọ. Páásíwọ́ọ̀dù wọn wà lẹ́yìn ìwé náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kò dáa. Olè tó ń dààmú wọn, orí fóònù ló ń gbà wọlé, kò mọ ibi tí àpótí aṣọ wọn wà. PIN káàdì nìkan ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kọ síbẹ̀.

Lórí jìbìtì, mo ti ka oríṣiríṣi rẹ̀ fún wọn rí, ó kàn sọ wọ́n di ojo ni. Ohun tó kù báyìí ò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà tó bá wọlé, ìka ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu kì í kà á. Èmi náà jẹ́jẹ̀ẹ́ tèmi pé bó ti wù kí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ tó, mi ò ní pariwo.

Lóṣù tó kọjá wọ́n pè mí láàárín òru. "Nọ́ńbà kan wọlé o. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." A jọ wò ó sókèsódò. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọ́n ń gbìyànjú láti wọ email wọn, oorun ló gbé wọn lọ kó tó dé. Mo ní wọ́n ṣeun tí wọ́n pè. Ẹ̀yìn tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó rẹ́rìn-ín.