Èsì: Ẹ gba òru lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà

Ẹ kú ìrọ́jú, Àǹtí. Ẹ ní àbúrò yín n'Íjẹ̀bú-Òde ò sùn mọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 17 ti fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún un. Ẹ gba òru lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ máa pín ìṣọ́ ṣe, kí ìyá lọ sùn ní yàrá mìíràn. Owó dára, ṣùgbọ́n oorun ló nílò jù báyìí.

Ìyẹn bí dókítà bá ti ní kí ọmọ máa lọ sílé o. Bó bá tún ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi dọ̀la: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, tàbí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Árò l'Ábẹ́òkúta. Kí ẹnì kan má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ ti oògùn eku, oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé mọ́ inú àpótí lónìí.

Àwọn àlejò ńkọ́? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa dá wọn lóhùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ìyá pé "ṣé o ò rí i ni?" Ó ti ń bi ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìbéèrè yẹn lè wó o.

Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé l'Árò lọ́dún 1954, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé bó ṣe ń gba ìtọ́jú, ìbátan aláìsàn ló ń bá a gbé, ara ìtọ́jú ni wọ́n kà á sí. Nítorí náà, ẹ bá ìyá lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ọmọ, kẹ́ ẹ sì ní kí dókítà gbọ́ tẹnu òun náà.