Ẹgàn yàtọ̀ sí igbó

Àbúrò tó béèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti tó fún ẹni tó fẹ́ bá àwọn àjọ òkèèrè ṣiṣẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe l'Ákùúrẹ́. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó ní ká lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè lẹ́nu wò. Òru ọjọ́ kan ni mo fi tú fọ́ọ̀mù ìbéèrè wọn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Mo kọ ọ́ pé: "Ṣé ẹ ṣán igbó lórí ilẹ̀ yìí lẹ́yìn ọdún 2020?"

Àgbẹ̀ wo ni yóò sọ pé òun ò ṣán igbó? Oko kòkó tí wọ́n pa tì fún ọdún méjì, igbó ni wọ́n ń pè é. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rò pé a fẹ́ mọ ẹni tí kì í ṣọ̀lẹ ni. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe yọ orúkọ wọn kúrò lára àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Bàbá kan wá mi wá sílé. "Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó wò mí títí. "Ẹgàn lẹ ń wí? N ò wó igi ẹgàn kankan. Oko bàbá mi tó ti kún ni mo ṣán."

Ẹgàn, igbó kìjikìji tí àdá ò tíì kàn rí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi! Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi ń gun ọ̀kadà padà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ti ta kòkó wọn lówó pọ́ọ́kú ká tó dé. Ó ṣì ń dùn mí.

Èdè 24 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń gbé òfin rẹ̀ jáde. Èdè 6 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò, ECOWAS ń lo 3. Ògbufọ̀ tó dáńtọ́ pọ̀ níbẹ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè ńkọ́? Ẹni tọ́wọ́ bá ṣáà ti tẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún.

Kọ́ Faransé dáadáa. Àmọ́ kí o tó gbé fọ́ọ̀mù lọ bá ẹnikẹ́ni, kà á fún àgbà méjì tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí o sì ní kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àṣìṣe mi ì bá ti hàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sí. Tó o bá wà nítòsí Àkúrẹ́, wá wò ó.