Ẹgbẹ́ Tó Pọ̀ Jù Nílé Aṣòfin: Ta Ló Yẹ Ká Gbé Àbádòfin Wa Lọ Bá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa agbẹjọ́rò. Àwa ọ̀dọ́ kan nílùú Òṣogbo la kóra jọ láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀. Àtúnṣe òfin ọdún 2018 dín ti ààrẹ àti ti aṣojú-ṣòfin kù, àmọ́ kò fọwọ́ kan àwọn méjì yìí. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ń retí pé òun ni yóò ní ọmọ ilé tó pọ̀ jù l'Ábùjá lẹ́yìn ìdìbò tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa ní ká dúró dìgbà náà, wọn ò sì fẹ́ rí ẹsẹ̀ wa lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kejì rárá. Bẹ́ẹ̀, gbogbo aṣáájú tuntun tó bá dépò ló máa ń sọ pé òun fẹ́ bá gbogbo ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, kí ni wọ́n tún ń bẹ ẹlòmíràn fún? Kí sì ni káwa ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má dúró. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ́ọ̀dù yín ti ń wá. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ẹgbẹ́ lọ di ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wá yìí, kò sí ẹgbẹ́ kan tó lè dá a ṣe, àfi kó ní ọmọ ilé rẹpẹtẹ, kì í kàn án ṣe kó fi díẹ̀ ju ẹnìkejì lọ. Ẹ jẹ́ ká kà á papọ̀.

Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà, aṣojú-ṣòfin sì jẹ́ 360. Fún àbádòfin lásán, ìwé òfin ọdún 1999 ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé bá ti jókòó, ìpàdé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ẹni 37 nìyẹn. Bí àwọn 37 yìí bá dìbò, 19 nínú wọn ti tó láti gba àbádòfin wọlé. Ẹ wo bó ti kéré tó! Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́sàn-án kan.

Tiyín kò sí lára ìyẹn. Inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè gan-an ni wọ́n kọ ọjọ́ orí sí: abala 65 fún sẹ́nétọ̀, abala 177 fún gómìnà, ọdún 35 sì ni méjèèjì. Láti yí i padà, abala 9 ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé, kì í ṣe ti àwọn tó rí àyè wá lọ́jọ́ náà. Sẹ́nétọ̀ 73 nìyẹn, pẹ̀lú aṣojú-ṣòfin 240. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Nínú irú ìdìbò yìí, ẹni tí kò wá sílé àti ẹni tó jókòó tí kò dìbò, bí ẹni tó sọ pé rárá ni wọ́n rí. Bí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù bá sì gbà á lọ́jọ́ kan náà, 18 ṣì kù tẹ́ ẹ máa wá lọ síbi tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà nídìí ìpè "ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é" tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn ìwà ọmọlúàbí ni, mo sì ti bá àwọn aṣòfin pàdé tí wọ́n fi tọkàntọkàn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àní bí kò bá ti ọkàn wá, ìṣirò máa ń fi dandan lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú ọdún 2015, nítorí ìgbà yẹn ni ilé bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan sọ́wọ́ òmíràn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1999. APC wọlé pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ 60, PDP ní 49. Ẹni tí kò bá mọ inú ilé yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, àwọn sẹ́nétọ̀ APC tó tó 51 lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé mìíràn l'Ábùjá, wọ́n ń retí ìpàdé pẹ̀lú Ààrẹ Buhari. Àwọn 57 mìíràn wà nínú ilé, èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti PDP. Ẹ rántí pé 37 ti tó. Wọ́n yan Bukola Saraki, ọmọ APC, ṣe ààrẹ ilé aṣòfin àgbà láì ní alátakò, nígbà tó jẹ́ pé Ahmad Lawan ni ẹgbẹ́ fẹ́. Wọ́n sì yan Ike Ekweremadu, ọmọ PDP, ṣe igbákejì rẹ̀. Ní ilé aṣojú-ṣòfin, nínú ìdìbò fún ipò olórí ilé, Yakubu Dogara fi ìbò 182 borí Femi Gbajabiamila tó ní 174, inú APC kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà. Àṣé iye tí wọ́n kà lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò kì í ṣe iye tí ẹgbẹ́ yóò rí láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún 2018, àwọn sẹ́nétọ̀ APC tó ju mẹ́wàá lọ ti ya kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó kàn yín gan-an ló kù yìí. Ní ilé wa, igbákejì ààrẹ ilé aṣòfin àgbà ni wọ́n máa ń fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń tún ìwé òfin ṣe, igbákejì olórí ilé aṣojú-ṣòfin sì máa ń ṣe ti ilé tirẹ̀. Lọ́dún 2015, Ekweremadu ló jókòó sí ti àkọ́kọ́, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò. Yussuff Lasun ti APC, ẹni tó ń ṣojú Òṣogbo yín gan-an, ló wà ní ìkejì. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà bá ti gbọ́rọ̀ sí irú àwọn àgbà wọ́ọ̀dù yín lẹ́nu pé kí wọ́n má ya ọ̀dọ̀ PDP, ẹnu ọ̀nà alága ìgbìmọ̀ pàápàá ni wọn ì bá má dé.

Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àbádòfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Not Too Young To Run, Tony Nwulu ló gbé e wá sílé aṣojú-ṣòfin: ọmọ PDP, láti Oṣòdì-Ìsọlọ̀ l'Ékòó. AbdulAziz Nyako ló gbé e ní ilé àgbà: ọmọ APC, láti Adamawa. Ọ̀kan láti gúúsù, ọ̀kan láti àríwá. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ alátakò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ilé méjèèjì gbà á lóṣù keje ọdún 2017, àwọn ìpínlẹ̀ gbà á, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ọjọ́ orí ààrẹ wálẹ̀ láti 40 sí 35, ti aṣojú-ṣòfin àti ti ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti 30 sí 25. Lọ́dún 2023, Rukayat Shittu, ọmọ ọdún 26, wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ì bá má lè du ipò yẹn rárá. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìròyìn náà, torí mo mọ iye ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn kó tó ṣeé ṣe.

Ẹ wá fi wé èyí. Nínú ìwé ìlérí tí APC fi polongo ìbò, wọ́n ní àwọn yóò tún ìwé òfin ṣe kí agbára lè kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ti ń pariwo lé lórí fún ọdún pípẹ́ ni. Lóṣù keje ọdún 2017 yẹn kan náà, nínú ilé tí APC pọ̀ jù sí, àtúnṣe yẹn ṣubú nílé aṣòfin àgbà. Ó wà nínú ìwé ìlérí, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni ilé wà, kò sì wọlé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, tí ọmọ alátakò gbé wá, ló wọlé. Nítorí náà, bí aṣáájú tuntun bá kéde iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣe tí ẹ kò rí tiyín níbẹ̀, ẹ má bọ́hùn. Bí ẹ bá sì rí i níbẹ̀, ẹ má sùn.

Bí mo bá wà ní ipò yín, ohun tí mo máa ṣe rèé. Mi ò ní wá ẹni kan gbé e. Ẹni méjì ni mo máa wá nínú ilé kọ̀ọ̀kan, láti ẹgbẹ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má ti apá ibí wá. Mo ti bá àwọn èèyàn kọ àbádòfin tó dára, tí òfin rẹ̀ mọ́ kedere, tó jẹ́ pé torí gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, inú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ló sùn sí títí ilé fi tú. Ó dùn mí, torí pé kò sẹ́ni tó takò ó. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ ni.

Ẹ lo ọdún àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rin ni ilé kan ń lò, ẹ sì ti rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ní kíákíá pàápàá, ọdún méjì ló gbà. Nígbà tó bá ku ọdún kan, orí ìbò ni ojú gbogbo wọn máa wà. Bí ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìwé òfin bá ti pe àwọn aráàlú pé kí wọ́n mú ìwé wá, ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà ní ojú ìwé méjì, kì í ṣe ogún, kẹ́ ẹ sì kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ àti èyí tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ síbẹ̀ pọ́ńbélé.

Ẹ mọ ibi tó máa le. Sẹ́nétọ̀ lẹ ń bẹ̀ pé kó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó máa bá a du àga rẹ̀. Ti gómìnà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò ní ìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ púpọ̀ ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́wọ́ sókè. Èmi rò pé ẹ kọ àtúnṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkan má baà fa ìkejì ṣubú. Wọ́n kúkú máa ń dìbò lórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàyé yín wà nílẹ̀: ọmọ ọdún 25 lè ṣojú ìlú rẹ̀ nílé kan l'Ábùjá, ó wá gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún mẹ́wàá kó tó lè wọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà sì ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣàkóso ìpínlẹ̀ kan àti ẹni tó fẹ́ ṣàkóso gbogbo Nàìjíríà.

Ní ti àwọn àgbà wọ́ọ̀dù, ẹ má bá wọn jà. Ẹ lọ kí wọn, ẹ fi 73, 240 àti 24 yẹn hàn wọ́n, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí ẹgbẹ́ yóò ti rí ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n bá yín kọ lẹ́tà mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí aṣòfin kan tí wọ́n mọ̀ nínú ẹgbẹ́ kejì. Àwọn àgbà òṣèlú wa mọ ara wọn ju bí ẹ̀yin ọmọdé ṣe rò lọ.