Mọ́nítọ̀ mi kò kọjá 60Hz mọ́: ṣé capture card ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ 144Hz kan ní Computer Village, Ìkẹjà. Ó ń ṣiṣẹ́ geerege títí mo fi ra capture card kan, Elgato HD60 S, tó ń gba àwòrán géèmù sínú láptọ́ọ̀pù, kí n lè máa fi géèmù tí mò ń gbá hàn lórí YouTube láti orí láptọ́ọ̀pù mi. Wáyà HDMI kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó wọ inú káàdì, òmíràn sì ti ibẹ̀ lọ sára mọ́nítọ̀. Látìgbà náà, Windows kò gbà ju 60Hz lọ. Ẹni tó ta mọ́nítọ̀ fún mi ní ó ti ń kú lọ ni, kí n gbé e wá, kí n fowó lé e, òun á bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi náà fẹ́ fi PS5 rẹ̀ sára káàdì yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Òǹkàwé yín, Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má gbé mọ́nítọ̀ yẹn lọ síbì kankan, má sì fi kọ́bọ̀ lé e. Yọ káàdì kúrò láàárín, 144Hz á padà wá. Ara mọ́nítọ̀ rẹ le koko. Ẹni tó ní kó o fowó lé e ló mọ ohun tó ń wá.

Tí a bá so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́nítọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ bi í pé ìgbà mélòó ló lè pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (ohun tí Hz ń kà nìyẹn). Káàdì tó jókòó sáàárín bí oníbodè ló wá ń dáhùn báyìí, ohun tí agbára tirẹ̀ ká ló sì ń sọ. HD60 S kì í gbé ju 1080p ní 60Hz kọjá. Bí o tilẹ̀ ra mọ́nítọ̀ 240Hz, 60 náà ni wàá rí.

Wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ. Ihò tí igun rẹ̀ kan dà bí ẹni gé e, DisplayPort nìyẹn. Òun ni kó o fi so mọ́nítọ̀ tààrà. HDMI, káàdì nìkan ni kó o fi í sí. Windows á rò pé mọ́nítọ̀ méjì lo ní. Nínú Display settings, má mú Duplicate o, ó lè fa 144 padà sí 60. Extend ni kó o mú, kó o wá lọ sí Advanced display láti gbé mọ́nítọ̀ gangan sí 144Hz.

Ṣí OBS, ìyẹn ètò tí a fi ń gba fídíò sílẹ̀ tàbí fi ránṣẹ́ sórí YouTube, lórí kọ̀ǹpútà géèmù, fi Game Capture sí i, tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí àwòrán, mú Fullscreen Projector, kó o yan káàdì. Láptọ́ọ̀pù á máa gbà á. Projector kì í gbé ohùn: nínú Settings, Audio, fi káàdì sí Monitoring Device, kó o sì lọ sí Advanced Audio Properties láti yí Desktop Audio sí Monitor and Output.

Ìyọnu kan ṣì kù. Ibi tó o ti fẹ́ yìnbọn gan-an ni máòsì á ti sá wọ mọ́nítọ̀ kejì tí ẹnikẹ́ni kò rí. Nínú Display settings, fa àpótí 2 lọ sí igun àpótí 1, kó jẹ́ igun sí igun nìkan ni wọ́n fi kanra. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè sá lọ mọ́.

YouTube kì í gbà ju àwòrán 60 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fídíò rẹ bá ń ta gìrìgìrì níbẹ̀, dá mọ́nítọ̀ padà sí 120Hz: ìlọ́po méjì 60 gẹ́lẹ́ ni 120, ti 144 kò pé bẹ́ẹ̀. Ojú tèmi kò mọ 120 yàtọ̀ sí 144. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, mo kí i.

Ká sọ tòótọ́, bí kọ̀ǹpútà géèmù rẹ bá ní káàdì àwòrán Nvidia tó ní NVENC, ìyẹn apá rẹ̀ tó ń di fídíò pọ̀, OBS nìkan lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí láìsí káàdì, láìsí láptọ́ọ̀pù. Èmi ì bá kọ́kọ́ dán ìyẹn wò.

Ti PS5 yàtọ̀, nítorí ihò HDMI kan péré ló ní. Nípasẹ̀ káàdì yìí, 60Hz ló máa gbà. Bó bá fẹ́ 120, àfi káàdì tó lè gbé e, bíi HD60 X. Kó lọ sí Settings, System, HDMI, kó pa Enable HDCP, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ ká da fídíò kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dúdú lásán ni káàdì á rí. Nígbà tó bá fẹ́ wo Netflix, kó tún un tàn.