Ẹ BI WÁ: Bẹ́líìtì máńdólìn, ibo la ń so ó mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Àwọn aládùúgbò mi kan máa ń kóra jọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti kọ orin bluegrass, irú orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, wọ́n pè mí, ni mo bá lọ ra máńdólìn àlòkù kan, ohun èlò orin oníwáyà tó dà bíi gìtá kékeré, èyí tí ikùn ẹ̀ rí bí ẹ̀kán omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdúró ni gbogbo wọn fi ń ṣeré, tèmi ń yọ̀ lọ́wọ́ mi ṣáá, ọwọ́ òsì tó yẹ kó máa sáré lórí wáyà ló tún ń gbé e dúró. Mo ra bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn, mo rí ibi tí n máa fi kọ́ nídìí, àmọ́ mi ò rí bọ́tìnnì kankan lókè tí n máa fi ẹnu kejì kọ́. Ọkọ mi lóun máa fi dírìlì lu ihò sí i ní Sátidé. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un o, ó kéré tán kì í ṣe Sátidé yìí, ẹ bá wa bẹ bàbá. Irú èyí tí ẹ rà yẹn, "irú A" ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sábà fi bọ́tìnnì sókè ẹ̀, ti ìdí nìkan ló máa ń ní, kì í ṣe pé ẹni tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ.

Orí ẹ̀ lẹ máa so ó mọ́. Ẹ wá okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́líìtì tí wọ́n dìídì ṣe fún máńdólìn máa ń ní in lẹ́nu, bí tiyín ò bá ní, okùn bàtà tó lágbára á ṣe é. Ẹ wo òkè, ẹ máa rí eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbà kọjá kí wọ́n tó dé ibi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń túùnù. Láàárín eegun yẹn sí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, àlàfo díẹ̀ wà lábẹ́ wáyà. Ẹ ti okùn gba ibẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì, ẹ kó ẹnu ẹ̀ méjèèjì lọ sẹ́yìn orí, kí ẹ wá ta á ní kókó mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ ṣáà rí i pé okùn ò ti wáyà sókè, torí wáyà tí nǹkan bá ń tì lẹ́yìn eegun yẹn kì í dúró sójú ohùn. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé orí á kán, wáyà yẹn nìkan ti ń fà á pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70 látàárọ̀, máńdólìn fúnra ẹ̀ ò ju bíi kílò kan lọ, kí ni bẹ́líìtì fẹ́ fi ṣe?

Ohun tí àwọn míì ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé bẹ́líìtì á sún mọ́ ọwọ́ òsì nígbà tí ẹ bá ń tẹ ibi tó wà lókè pátápátá. Ẹ lò ó fóṣù méjì mẹ́ta. Tó bá ń dí yín lọ́wọ́ lóòótọ́, ìgbà yẹn la lè wá sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì, ìdí ọrùn ẹ̀ níbi tó ti wọ ikùn ni wọ́n máa ń fi í sí torí igi tó ki wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ikùn tó fẹ́lẹ́ o! Ihò tí ẹ máa kọ́kọ́ lù gbọ́dọ̀ kéré sí síkúrúù, ẹ fi àbẹ́là pa síkúrúù lára kó lè wọlé wọ́ọ́rọ́, kí igi má baà là. Tó bá jẹ́ máńdólìn àtijọ́ tó lówó lórí, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún fáólìn ṣe, torí ihò kan péré lè já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ ò bi mí o, àmọ́ n ó sọ ọ́: ìsàlẹ̀ ló ń jáni kulẹ̀, kì í ṣe òkè. Lára ọ̀pọ̀ máńdólìn, bọ́tìnnì ìdí yẹn ò ní síkúrúù rárá, ńṣe ni wọ́n kàn tì í bọ ihò bí ìdérí ìgò. Tèmi já lọ́jọ́ ìkórè nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kọrin, mo gbọ́ "pọ́", mo fi orúnkún gbé e, igun ẹ̀ kan sì bó títí dòní. Ẹ fi ìka yí tiyín wò. Tó bá ń yí, ẹ dẹ wáyà sílẹ̀ ná, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á lára tàbí kí ẹ wé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ wá tì í padà kó le dáadáa. Ẹ má da súpágúlù sí i o, ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́nì kan á fẹ́ yọ ọ́.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré yẹn, ẹ máa rí i tí àwọn kan á fi kọ́ èjìká ọ̀tún nìkan. Ẹ̀yin ẹ gbà á kọjá ọrùn ná, kó dábùú àyà. Tẹ́ ẹ bá ṣeré tán, ẹ tú u kúrò kí ẹ tó pa àpótí dé, pàápàá tó bá jẹ́ rọ́bà tàbí awọ oníke, ó máa ń jẹ fáníìṣì, a dẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Íbàdàn. Èyí tí àbúrò bàbá mi kó wá fún mi ní nǹkan kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín lápá òkè. Ṣé òun náà, orí ni n máa so ó mọ́?

Ìdáhùn: Rárá, ìgbín yẹn gan-an ni èèkàn ẹ. "Irú F" lo ní yẹn, irú èyí tí Bill Monroe, ẹni tó dá orin bluegrass sílẹ̀, lò, F-5 tí iléeṣẹ́ Gibson ṣe lọ́dún 1923. Fi okùn awọ ta ojóbó, fi í bọ ìgbín lọ́rùn, fà á kó fún, ó tán. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó o lò, má fi agídí ki bẹ́líìtì gìtá tó fẹ̀ síbẹ̀, á ha á lára. Tó o bá fẹ́ wọ agbádá ṣeré, kọ́kọ́ gbé máńdólìn kọ́rùn nílé kó o wò ó, torí apá agbádá máa ń yọ́ wá jókòó lórí wáyà, o ò ní í mọ̀ títí ohùn á fi kú.

Ìbéèrè: Tèmi, ẹ̀yìn ẹ̀ rí roboto bí igbá. Bẹ́líìtì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ti àwọn ará Naples ní Ítálì nìyẹn, ìjókòó ni wọ́n fi ń ta á, á máa yí lára yín bí ẹ bá dìde. Ẹ lè so ó lórí bá a ṣe wí lókè yẹn, àmọ́ ẹ wo ìdí ẹ̀ ná, ọ̀pọ̀ wọn ò ní bọ́tìnnì. Bí tiyín ò bá ní, ẹ jókòó, kí ẹ tẹ́ awọ kékeré sí itan kó má yọ̀.