Ọmọ mi ń kàwé mọ́jú, síbẹ̀ ohun tí ó kà kì í dúró

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mò ń gbé, Ọjà Ọba ni mo sì ti ń ta gàrí àti èlùbọ́. Ọmọbìnrin mi tí ó wà ní SS3 yóò ṣe WAEC láìpẹ́. Láti ìgbà tí sáà yìí ti wọlé ni kì í ti í sùn mọ́: yóò bu omi tútù sínú bàsíà, yóò ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ kí oorun má baà gbé e lọ, yóò máa jẹ obì, yóò sì máa kàwé títí wọn yóò fi pe ìrun àsùbá. Síbẹ̀, nígbà tí èsì mọ́ọ̀kì jáde, Ìṣirò àti Báyọ́lọ́jì tí ó ń kà jù lọ gan-an ni kò ti ṣe dáadáa. Ó ní òun mọ gbogbo rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n bí òun ti rí ìwé ìbéèrè báyìí ni gbogbo rẹ̀ pòórá. Inú ti ń run ún báyìí, kò sì fẹ́ jẹun mọ́. Kí ni kí n ṣe sí i?
Ìyá ọlọ́mọ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn, ìyá wa. Mo gbà pé òótọ́ ni ọmọ yín ń sọ nígbà tí ó ní òun mọ̀ ọ́n nílé, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro náà sì wà. Ẹni tí ó bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú rẹ̀ yóò ti mọ ojú ìwé náà débi pé yóò gbà pé ó ti wọ òun lórí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí a ṣe lè máa rí ẹnì kan lójoojúmọ́ ní Ọlá-Ìyá, kí a sì máa kí i, síbẹ̀ kí a má lè dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá bi wá, bẹ́ẹ̀ ni dídá ọ̀rọ̀ mọ̀ nínú ìwé tí ó wà ní ṣíṣí ṣe yàtọ̀ sí gbígbé e jáde láti inú orí nígbà tí ìwé bá ti di pípadé. Gbígbé e jáde yìí ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fi èyí hàn ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn yòókù pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó tún un kà ni ó ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tí ó pa ìwé dé rántí nǹkan bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó tún un kà rántí nǹkan bí ìdá 42. Ọ̀nà àwọn tí ó ń tún un kà ni ọmọ yín ń tọ̀, abájọ tí ohun tí ó mọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú kò fi sí níbẹ̀ mọ́ nígbà mọ́ọ̀kì.

Nítorí náà, kí ó tó ṣí ìwé Báyọ́lọ́jì, ẹ jẹ́ kí ó mú ìwé òfìfo, kí ó kọ gbogbo ohun tí ó bá rántí nípa bí ewéko ṣe ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì tó wá ṣí ìwé láti fi báírò pupa kọ ohun tí ó gbàgbé kún un. Ohun tí ó pupa yẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yóò tún ara rẹ̀ dán wò lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, ti kọ ọ́ láti 1885 pé ju ìdajì ohun tí òun há sórí ni ó ń sọnù láàárín wákàtí kan, àti pé pípín àtúnṣe rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju kíkó gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan lọ. Ọ̀nà yìí yóò kọ́kọ́ ba ọmọ náà lọ́kàn jẹ́, nítorí pé yóò rí iye ohun tí kò mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó torí ìyẹn padà sí ti àtijọ́.

Ti Ìṣirò tún yàtọ̀, nítorí pé a kì í ka Ìṣirò, ṣíṣe ni a ń ṣe é. Nínú ìwé ìbéèrè kejì (Paper 2) Ìṣirò WAEC, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn ìbéèrè 10, márùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ dandan. Ìṣẹ́jú 15 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò fi aago ṣe é rí nílé kò lè mọ bí ìṣẹ́jú 15 ṣe kúrú tó. Kí ó ra ìwé ìbéèrè àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá, kí ó jókòó tì í láìwo ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé. WAEC tún máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùdánwò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń sọ àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń kà á, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ń gbé máàkì kalẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bàsíà omi yẹn, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, inú oorun náà sì ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ sí àyè rẹ̀. Obì ní kaféènì tí ó wà nínú kọfí, ó sì lè tó nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà èyí tí ó jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ń bá oorun rẹ̀ jà ní òru. Bí ó bá sùn ní aago mẹ́sàn-án, kí ó jí ní aago márùn-ún, ìgbà tí ooru kò tíì mú, tí òun kò sì nílò jẹnẹrétọ̀ pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti inú rírun, ìpayà lè fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo inú rírun ni ìpayà. Ọmọ tí ó ń jẹ obì láìjẹun nílò kí dókítà rí i, pàápàá bí ó bá ń bì tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ. Bí ó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, ẹ má pè é ní àṣejù. Ẹ̀yin fúnra yín, ìyá wa, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ owó lẹ́sìn tí ẹ ti san létí rẹ̀, ẹ dákun, ẹ dín in kù. Ó mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ ni yóò ti padà sídìí ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n, àyà mi a sì máa já. Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ibi tí a ti lè sanwó kí ìdáhùn wọlé sórí fóònù. Kí ni ẹ rí sí i?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ayétòrò

ÌDÁHÙN: Má san kọ́bọ̀. WAEC máa ń dá èsì dúró, ó sì máa ń fagi lé e bí wọ́n bá fura sí màgòmágó, ìwọ tí àyà rẹ ti ń já tẹ́lẹ̀ yóò sì wá fi fóònù tí o fi pamọ́ kún un. Ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn, ara ni ó ń múra ìjà sílẹ̀, kì í ṣe àmì pé o kò mọ nǹkan kan. Mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí èémí tí o ń mí síta sì pẹ́ ju èyí tí o mí sínú lọ, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì kí o tó mú báírò. Ka gbogbo ìbéèrè, kí o sì kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó dá ọ lójú, ì báà jẹ́ ìkẹsàn-án. Tí o bá jáde, má dúró ti àwọn tí ó ń jiyàn lórí ìdáhùn lẹ́nu géètì: lọ sílé, jẹun, sùn díẹ̀, kí o sì mú ìwé iṣẹ́ tí ó kàn.