Ẹ Fi Windows Sílẹ̀, Ẹ̀rọ Fúnra Rẹ̀ Ló Ń Ṣàìsàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí a rà ní 2004 ni a fi ń ṣe ìwé owó wa. Windows XP ló wà lórí rẹ̀, ètò ìṣirò tí a ń lò kò sì ṣiṣẹ́ lórí Windows tó tuntun ju ìyẹn lọ. Láti bí oṣù mélòó kan ló ti ń kú fúnra rẹ̀, tí yóò sì tún tàn. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé orí Windows tó fi ń kú. Déètì rẹ̀ máa ń padà sí 2002, ó sì ti ń lọ́ra jù. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó ti fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì máa ń dá fáìlì wa padà sórí rẹ̀. Yóò dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti tún ní kí n gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, antivirus wo ni kí n rà tí èyí kò fi ní padà mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má ra antivirus kankan, ẹ má sì tíì gbé kọ̀ǹpútà yẹn lọ síbì kankan. Kódà, ẹ pa á ná. Bí mo bá dárúkọ antivirus fún yín, á jẹ́ pé mo gbà pé fáírọ́ọ̀sì ni, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ti ń bí mi nínú: gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà, fáírọ́ọ̀sì, gbogbo oògùn rẹ̀, fọ́máàtì.

Ẹ sọ gbólóhùn kan kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, pé nígbà mìíràn kì í dé orí Windows tó fi ń kú. Ibẹ̀ ni èmi dúró sí. Fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ètò kọ̀ǹpútà ni bíi ti àwọn ètò yòókù, orí hard disk ló ń gbé, ó sì dìgbà tí nǹkan bá jí i kó tó lè ṣiṣẹ́ ibi. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, BIOS ló kọ́kọ́ ń jí. Inú chip kékeré kan lára motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ni BIOS wà, kò sí lórí hard disk. Òun ló ń yẹ RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, wò, tó ń wo kíbọ́ọ̀dù, tó ń wá hard disk kàn, kó tó wá ké sí Windows. Kọ̀ǹpútà tó bá kú kí BIOS tó parí iṣẹ́ yìí kò tíì ka ẹyọ fáìlì kan. Ta ló wá jí fáírọ́ọ̀sì?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dárúkọ CIH fún mi. Lóòótọ́, fáírọ́ọ̀sì tó ń ba BIOS jẹ́ ni. Chen Ing-hau ló kọ ọ́ ní Taiwan ní 1998, ó sì ṣọṣẹ́ gan-an ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999. Ìdílé Windows 95 àti 98 ló ń bá jà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó XP. Kọ̀ǹpútà tí ó bá sì ba BIOS rẹ̀ jẹ́ kì í tàn rárá, kì í kú lónìí kó jí lọ́la.

Ẹ ó ní, "Ó kúkú máa ń dára lẹ́yìn fọ́máàtì." Ó ń dára, ohun tó sì ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn, títí kan ẹni tó ń bá yín tún un ṣe. N kò pè é ní olè o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ojú hard disk pín sí àwọn ẹyọ kéékèèké tí a ń pè ní sector. Lórí disk ìgbà yẹn, 512 byte ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nígbà tí sector kan bá ń kú lọ, disk yóò gbìyànjú láti kà á, yóò tún gbìyànjú, yóò tún gbìyànjú, Windows yóò sì dúró dè é. Ìlọ́ra tí ẹ ń rí nìyẹn. Bí ẹ bá wá kọ nǹkan tuntun sórí sector náà, disk fúnra rẹ̀ lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti inú àwọn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi pamọ́ sínú rẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́máàtì àti Windows tuntun máa ń fa irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀, ó sì tún lè gbé fáìlì yín kúrò lójú ibi tó ti bàjẹ́. Ara disk náà kò yá. Àwọn sector àfipamọ́ lóǹkà, ohun tó ń ba àwọn ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ kò sì lọ síbì kankan.

Ohun kejì jẹ́ ti XP gan-an. Bí XP bá ti ka àṣìṣe mẹ́fà lórí ojú ọ̀nà hard disk irú ti IDE, ìyẹn irú wáyà tí ọ̀pọ̀ disk ìgbà yẹn ń lò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára rẹ̀ kù, títí yóò fi bọ́ sí ohun tí a ń pè ní PIO. Bó bá ti débẹ̀, processor tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni yóò máa fúnra rẹ̀ kó gbogbo dátà, ẹrù rẹ̀ á di púpọ̀, kọ̀ǹpútà á máa wọ́ bí ìgbín. XP kì í fúnra rẹ̀ padà sípò. Fọ́máàtì ń jẹ́ kó gbàgbé àṣìṣe tó ti kà, ni ìyára bá padà, ni gbogbo ilé bá ń yọ̀. Wáyà tàbí disk tó ń fa àṣìṣe náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń ka tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rí ni fọ́máàtì ń pa rẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì ṣe é, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń gbé lé disk tó ti rẹ̀ lórí, ìwé owó yín sì ń dúró lẹ́bàá kòtò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti bọ́. Ẹ má dán ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wò.

N kò rí kọ̀ǹpútà náà lójú o, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ó ju nǹkan kan lọ tó ń ṣe é.

Fáìlì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà là. Ẹ yọ hard disk náà, kí ẹ fi wáyà tó ń so IDE mọ́ USB gbé e sára kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ le, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi GNU ddrescue da gbogbo rẹ̀ kọ. Ètò yẹn máa ń kó ibi tó rọrùn kà ná, kó tó padà sí ibi tó bàjẹ́. Bí disk bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ má tàn án mọ́ rárá. Ti àwọn tó ń ṣí disk nínú yàrá tí kò ní eruku nìyẹn. Ẹnìkan á ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìrì yóò sẹ̀ sójú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí disk bá ti kúrò nínú ẹ̀rọ, ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Delete tàbí F2 kí ẹ wọ ojú ewé BIOS, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sí disk, kò sí Windows, kò sí ibi tí fáírọ́ọ̀sì fẹ́ gbà wọlé. Bí ó bá kú níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń bá yín tún un ṣe kó wá wò ó.

Bí ó bá kú lóòótọ́, power supply, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, àti motherboard ni mo fura sí jù. Láti nǹkan bí 1999 sí 2007, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló jáde pẹ̀lú kápásítọ̀ tí kò dára, ti yín sì bọ́ sáàárín. Kápásítọ̀ ni àwọn nǹkan róbótó tó dúró bí agolo kékeré yí processor ká. Orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí nǹkan bíi ìpẹtà bá ṣàn láti ara rẹ̀, ti kú. A lè pààrọ̀ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ bí a ti ń jó òjé ni. Ní ti power supply, kí wọ́n fi mítà wọn iná rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: ti 12 volt kò gbọdọ̀ kúrò láàárín 11.4 àti 12.6, ti 5 volt láàárín 4.75 àti 5.25. Bí ó bá pé, ìyẹn kò tíì dá a láre, nítorí mítà lásán kì í rí iná tó ń gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́. Kí wọ́n fi òmíràn tó dára dán an wò. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má ṣí àpótí power supply. Iná tó lè pa ènìyàn ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ plọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá ṣí i, kó má sọ pé èmi ni mo ní kó ṣí i.

Ti déètì kò le: bátìrì CR2032, ẹyọ kékeré pẹlẹbẹ orí motherboard tó ń jẹ́ kó rántí déètì, ti kú. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ewé BIOS kí ẹ tó yọ ọ́. Òun kọ́ ló ń pa kọ̀ǹpútà.

Kí wọ́n gbọn eruku fáànù processor dànù. Kí wọ́n tú RAM kí wọ́n tún un fi síbi tó jókòó dáadáa, kí wọ́n sì fi Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá ń dún bíìpù nígbà tó ń tàn, ìwé motherboard yín ni kí ẹ fi túmọ̀ rẹ̀, nítorí AMI àti Award, àwọn tó ń ṣe BIOS, kò ka bíìpù bákan náà.

Ìgbà tí ẹ bá ti ní ẹ̀dà disk yẹn lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n gbìyànjú láti gbé XP náà sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀pọ̀ ètò ìṣirò àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjanpata. Ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe XP dúró láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Bí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá sì takú pé fọ́máàtì ni, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà fún un, kí ẹ fi hard disk sílé.